Ìrìn tí kò sẹ́ni tó ń retí wa

Ọdún mẹ́tàlélógún rèé tí mo ti wà lọ́ọ̀dẹ̀ Bàbá Fẹ́mi, tí ẹ bá ní kí n ka gbogbo ibi tí a ti jọ wọ mọ́tò lọ, òkú ni, ìgbéyàwó ni, ìkómọjáde ni, àbí ká lọ kí ẹni tó wà lọ́sibítù. Kò síkan nínú ẹ̀ tí ẹnì kan ò ní máa pè wá lójú ọ̀nà pé ẹ ti dé ibo báyìí, wọ́n ti ń gbé oúnjẹ o. Ìlú Ẹ̀fọ̀n Alààyè tí mo máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, a ti gba ibẹ̀ kọjá á tó ogún ìgbà, gèlè ló máa ń wà lórí mi, mo sì máa ń sùn ni. Mi ò mọ̀ pé òkè tó tó báyẹn wà níbẹ̀.

Lóṣù Kẹwàá tó kọjá, àbíkẹ́yìn wa ti wọ yunifásítì n'Ífẹ̀, ilé dákẹ́ rọ́rọ́, ọkọ mi náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Jọ́gíráfì ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Lálẹ́ ọjọ́ kan a ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́, wọ́n kàn dédé ní, "Ìyá Fẹ́mi, gbogbo òkè àti odò tí mo ń yà sójú pátákó láti ọjọ́ yìí, ṣé o mọ̀ pé mi ò jókòó ti ìkankan nínú wọn rí?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo ní ká lọ. Wọ́n ní ká lọ síbo, ta ló ń ṣe ìnáwó? Mo ní kò sẹ́ni tó ń ṣe ìnáwó, àwa méjèèjì la fẹ́ lọ.

Ohun tó tún jẹ́ kó wù mí ni pé òṣómàáló ni bàbá tó bí mi. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀ṣà á mọ iṣẹ́ náà, wọ́n á di aṣọ lọ sí oko àti ìletò ilẹ̀ Èkìtì, wọ́n á tà á láwìn, tí ọjọ́ owó bá pé wọ́n á padà lọ lóṣòó síwájú ilé onígbèsè, pé òṣó làwọn máa ló níbẹ̀ títí àwọn á fi gbowó àwọn. Nígbà tí mo wà ní kékeré bàbá mi máa ń ka orúkọ ìlú fún wa bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀, Ẹ̀fọ̀n, Arámọkọ, Ìjerò, Ìdó, Ìkún. Wọ́n mọ ilé tí wọ́n ti ń gba àlejò sùn, wọ́n mọ ibi tí omi ti dáa mu. Èmi ọmọ wọn ò mọ̀ ju ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì lójú títì lọ.

Ìmúra wa ò pọ̀ jàre. Mo ní kí ọmọ àbúrò mi máa bá mi ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jà Àtàkúmọ̀sà, ọkọ mi gbé Corolla wa lọ bá mẹkáníìkì, ìyẹn yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí wàhálà kankan, ọ́ìlì dáa, bíréèkì dáa. Ẹ fi ọ̀rọ̀ bíréèkì yẹn sọ́kàn. A mú owó kéṣì dání tó pọ̀ díẹ̀, ohun tí mo máa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ nìyẹn, torí inú òkè wọ̀nyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì á kàn lọ pátápátá, ẹni tó ni POS á máa na ẹ̀rọ sókè bí ẹni ń bẹ Ọlọ́run. Mo se ẹ̀pà, mo gbé fílásìkì, mo mú súwẹ́tà méjì. A wá ṣòfin méjì. Àkọ́kọ́, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ò gbọdọ̀ bá wa nínú mọ́tò, bí ọ̀nà ṣe rí láyé ìsinyìí ẹ̀yin náà mọ̀. Èkejì, ibì kan ṣoṣo lójúmọ́. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ bínú sí òfin kejì yìí, mo ní owó epo ti wọ́n, ká rí ohun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ká máa bọ̀ nílé. Ọkọ mi ò dáhùn, wọ́n ṣáà ń rẹ́rìn-ín.

Erin-Ìjẹ̀ṣà la kọ́kọ́ lọ. Kò jìn sílé wa rárá, ojú sì tì mí pé ọmọ Iléṣà ni mí tí mi ò tíì fojú kan Olúmìrin rí, àwọn ará Èkó ń wọ bọ́ọ̀sì wá wò ó. Ipele méje lomi náà ní, láti òkè téńté ló ti ń já bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìtàn ìlú sì ní Akínlà tó jẹ́ ọmọ ọmọ Odùduwà tó tẹ Erin dó ló kọ́kọ́ rí i. Mo ti lérí nílé pé ipele keje ni mò ń lọ. Òjò ọdún yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, omi pọ̀ rẹpẹtẹ, àmọ́ òkúta ń yọ̀ bí ọṣẹ, sálúbàtà ni mo sì wọ̀, ẹ má dán an wò, ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú. Àwọn ọmọ ilé ìwé kan ń sáré kọjá lára wa bí ewúrẹ́. A dé ipele kejì, orúnkún ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, wọ́n ní kí n máa lọ, àwọn á dúró dè mí.

Ká ní àtijọ́ ni, mà á ti lọ. Mo ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé, tí wọ́n bá ní ó rẹ àwọn mà á ní kí wọ́n sinmi, mà á sì máa bá tèmi lọ, kò sí ìjà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe ń rìn títí a ò fi sí lórí ọ̀nà kan náà mọ́. Mo wo òkè, mo wo wọn, mo jókòó. A lò tó wákàtí méjì lórí òkúta kan náà. Eruku omi ń fẹ́ wá sára wa, ó ń bo gíláàsì ojú wọn, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi etí aṣọ nù ún, wọ́n á tún gbé e wọ̀, kò ní pẹ́ á tún ti bò. Nígbà tó yá mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mò ń bá wọn nù ún. Ewé kan lẹ̀ mọ́ òkúta lábẹ́ ibi tí omi ti ń já, gbogbo omi yẹn ń gbá a, kò ṣí. Ọkọ mi ń ṣàlàyé fún mi bí òkúta líle á ṣe dúró tí èyí tó rọ̀ lábẹ́ ẹ̀ á máa jẹ lọ díẹ̀díẹ̀, tí omi á fi ní ibi tó máa já sí. Mo ti ń gbọ́ pé ọkọ mi ń kọ́ jọ́gíráfì láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n o, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó sí kíláàsì wọn nìyẹn.

Ẹ̀fọ̀n la sùn. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, orí òkè ni ìlú náà wà, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo ṣí wíńdò, kùrukùru ti bo gbogbo páànù ilé, ká kàn máa gbọ́ ohùn èèyàn ká má rí wọn. Kristi Àpósítélì ni mí, torí náà mi ò lè kọjá láì dé ibi tí wọ́n sin Bàbá Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì ìjọ wa, sí. Ẹdẹ ni wọ́n ti sùn lọ́dún 1959, Ẹ̀fọ̀n níbí ni wọ́n sì sin wọ́n sí. Ìyá mi àgbà wà ní Òkè-Ooye n'Íléṣà nígbà ìsọjí ọdún 1930 yẹn, ọmọge ni wọ́n, wọ́n máa ń sọ bí èrò ṣe ń gbé omi wá nínú kèrègbè àti ìgò kí bàbá lè gbàdúrà sí i. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́. Ẹgbẹ́ ìjọ wa máa ń ṣètò bọ́ọ̀sì wá síbẹ̀, àmọ́ ariwo ni, orin ni, ká sáré padà. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbàdúrà mi bó ṣe wù mí, ọkọ mi tí wọ́n jẹ́ Áńgílíkà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ṣí fìlà.

Wàhálà wa dé nígbà tí a kúrò ní Ẹ̀fọ̀n. Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, kọ́nà lórí kọ́nà, ọkọ mi fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì, wọn ò gbé e kúrò. Mo ní mò ń gbóòórùn nǹkan tó ń jó, wọ́n ní bóyá àwọn tó ń sungbó ni. Kò pẹ́ mo rí i tí ojú wọn yí padà, wọ́n ń tẹ bíréèkì léraléra, wọ́n ní, "Ó ń rọ̀ lẹ́sẹ̀ mi." Mo ti ń pe Jésù. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ibì kan tí ọ̀nà tẹ́jú díẹ̀ wà níwájú, wọ́n fa háńbíréèkì díẹ̀díẹ̀, wọ́n yí i wọ inú koríko. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ èéfín ń yọ lára táyà iwájú méjèèjì. Mo ti bu omi inú ìgò kí n dà á sí i, ni dẹ́rẹ́bà tírélà kan tó dúró sí ìsàlẹ̀ wa bá figbe ta, "Ìyá, ẹ má dà á! Irin tó gbóná báyẹn á sán!"

Ó wá bá wa. Ọmọ yẹn ò ju ọmọ wa Fẹ́mi lọ, ó dọ̀bálẹ̀ kí ọkọ mi kó tó la ẹnu. Ó ní, "Bàbá, wọn kì í fi bíréèkì nìkan sọ òkè. Jíà tí ẹ bá fi gun òkè náà ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́. Ọ̀tómátíìkì ni tiyín yìí, ẹ fà á wá sí 2, tó bá gẹ̀rẹ́ gan-an ẹ fà á sí L, ẹ́ńjìnnì á máa di ọkọ̀ mú fún yín, bíréèkì yín á sì rí ààyè mí. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi í lẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi í lẹ̀." Ó ní tí bíréèkì bá gbóná jù, omi bíréèkì inú páìpù á hó, ooru ẹ̀ á kún inú páìpù bí afẹ́fẹ́, èèyàn á tẹ̀ ẹ́ títí kò ní mú nǹkan kan. A jókòó síbẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan kó fi tutù. Ó bá wa jẹ ẹ̀pà. Nígbà tí a dé Arámọkọ a wá ẹni tó tú táyà wò, pádì ti tán porogodo, ó kù díẹ̀ kí irin máa ha irin. Ẹni tó ní kò sí wàhálà nílé yẹn, mi ò bá a jà nígbà tí a dé, àmọ́ mi ò ní gbàgbé, torí ẹ̀mí èèyàn méjì ló fi ẹnu lásán sọ pé ó dáa yẹn. Ẹ ní kí wọ́n tú táyà níṣojú yín, ẹ fojú yín rí pádì.

Ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe la ti jẹ iyán. Ìyá arúgbó kan ló ń tà á, ọmọ ẹ̀ ló ń gún un, iyán Èkìtì gidi, ẹ̀fọ́ àti ẹran ìgbẹ́. Ìyá gbọ́ ohùn mi, wọ́n ní ṣé ará Ìjẹ̀ṣà ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ní òṣómàáló ni bàbá mi. Ìyá yìí kígbe! Wọ́n ní òṣómàáló kan wà tó máa ń sùn lọ́dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá àwọn, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ti ra aṣọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe ìyàwó, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n fi san owó ẹ̀ tán. Mo bi wọ́n lórúkọ ẹ̀, wọn ò rántí. Wọ́n ní ó ga, ó sì máa ń súfèé tó bá ti ń bọ̀ lókèèrè. Bàbá mi ga. Mi ò rántí pé wọ́n súfèé rí. Mi ò lè sọ pé àwọn ni, mi ò sì lè sọ pé kì í ṣe àwọn, mo kàn ṣáà jẹ iyán yẹn pẹ̀lú omijé lójú, ìyá sì fi ẹran kan kún un fún mi láìgba owó ẹ̀.

A gba Erìjìyàn wọ Ìkògòsì. Oru méjì la sùn níbẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kéèyàn ti sùn méjì. Omi gbígbóná ń sun láti ara òkè, omi tútù náà ń bọ̀ lápá kejì, wọ́n pàdé, wọ́n jọ ń ṣàn lọ. Ní ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, ẹ lè fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sínú gbígbóná kí ẹ fi tòsì sínú tútù lẹ́ẹ̀kan náà. Ará ìlú ní ìyàwó ọkùnrin kan làwọn méjèèjì, orogún ni wọ́n, ọ̀kan gbóná lára, ọ̀kan ní sùúrù, ìjà wọn ló pọ̀ jù tí wọ́n fi di omi. Ọkọ mi ní tiwọn ni pé omi òjò ló ń gba ojú ihò òkúta wọlẹ̀ lọ jìnnà, inú ilẹ̀ sì gbóná, bó bá ti jìn ló ń gbóná sí i, ibẹ̀ lomi náà ti ń gbóná kó tó tún rí ihò gbà jáde. Mo fẹ́ràn ìtàn méjèèjì. Ní ọjọ́ kejì a ò ṣe nǹkan kan, kò sí nǹkan kan rárá, a wẹ̀, a sùn, a jíròrò, a lọ wo omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò tí kò jìnnà, a padà wá sùn. Ọwọ́ mi ń yún mi láti pe ṣọ́ọ̀bù, mo pè é lẹ́ẹ̀kan, ọmọ yẹn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sinmi, ọjà ń lọ."

Ìkún ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ jù. A gba Ìjerò, a gba Ìdó, ká tó débẹ̀. Odò Èrò ni wọ́n fi dámù dí, ó sì tẹ́ lọ rẹrẹ bí adágún, òun ló ń gbé omi lọ sí àwọn ìlú Èkìtì lápá ibẹ̀. Èmi bẹ̀rù omi, ká wí tòótọ́, mo kàn jókòó sórí òkúta létí ẹ̀ ni. Ọkùnrin kan ń fi ọkọ̀ kékeré na àwọ̀n, ó na apá rẹ̀ kan sílẹ̀, ó tún na èkejì, kò yára, bẹ́ẹ̀ ni kò dúró. A ra ẹpìyà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó gúnlẹ̀, ó ṣì ń ta pọ́nún nínú abọ́.

Ibẹ̀ la jókòó sí tí ọkọ mi sọ̀rọ̀ kan. Ojú omi ni wọ́n ń wò, wọn ò wò mí. Wọ́n ní lọ́dún 2006 wọ́n pe àwọn síṣẹ́ kan l'Ábújá, owó ẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí wọ́n ń gbà, lẹ́tà ẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn fún oṣù kan. Ìyá mi wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn nílé wa lọ́dún yẹn, èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń fún wọn lóúnjẹ. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé tí àwọn bá sọ ọ́, mo máa ní ká lọ, mà á sì máa sunkún títí. Wọ́n ya lẹ́tà náà. Ọdún yẹn, ẹ gbọ́ o, ọdún yẹn ni mo ń bínú sí wọn jù, mo ń sọ fún àwọn àbúrò mi pé ọkọ mi ò láápọn, pé ẹgbẹ́ wọn ń rìn síwájú àwọn ṣì jókòó sí kíláàsì. Wọ́n gbọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀ nígbà náà. Wọn ò fèsì.

Mi ò mọ ohun tí mà á sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀pà, mo ń kó o sí wọn lọ́wọ́, wọ́n ń jẹ ẹ́, mo ń bó òmíràn. Oòrùn wọ inú omi. A ti fẹ́ rú òfin agogo mẹ́rin, ibi tí a wọ̀ sí ò jìn, kò sẹ́ni tó pè wá láti bi wá pé a ti dé ibo.

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀ pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yẹn ò jáde nílé fún ọdún gbogbo yẹn. Ilé ni tẹlifíṣọ̀n, ilé ni àlejò, ilé ni owó ilé ìwé. Nínú mọ́tò tí a bá ń lọ sóde, ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ni, àti iye tí a máa ná fún wọn. Ọ̀rọ̀ tó bá ti jinlẹ̀ báyẹn ń fẹ́ kí nǹkan kan dákẹ́ fún un ni, kí èèyàn méjì sì máa wo ibì kan náà tí kì í ṣe ojú ara wọn.

Ọ̀nà Òkè-Mẹ̀sí la gbà padà, a bọ́ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Òkè ọ̀tún òkè òsì, gbogbo ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ọkọ mi ní inú àwọn òkè yìí ni ogun Kírìjì ti jà, láti 1877 di 1893, ìró àgbá ìbọn ńlá ni wọ́n fi sọ orúkọ ẹ̀, Ògèdèǹgbé tiwa n'Íléṣà ló sì ṣáájú ogun Èkìtì Parapọ̀ kojú Ìbàdàn. Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn àlàáfíà lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, síbẹ̀ ọdún bíi méje ni wọ́n tún lò kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká lọ sílé. Mo ní kí wọ́n dúró. A sọ̀ kalẹ̀, a wo àfonífojì yẹn, mo ń ronú àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú àgọ́ ogun tí wọ́n dàgbà síbẹ̀. Nígbà tí a ń sọ òkè lọ́nà ibẹ̀, ọkọ mi fa jíà wá sí 2, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Tẹ̀ ẹ́, fi í lẹ̀."

A gba Ẹ̀sà-Òkè, a gba Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, agogo mẹ́ta ti lù díẹ̀ nígbà tí a wọlé. Ìyá Kẹ́hìndé tí a jọ ń gbé àdúgbò rí báàgì lẹ́yìn mọ́tò, ó sáré jáde, ó fọwọ́ lérí. "Ẹ kú àbọ̀ o, ọjọ́ márùn-ún! Ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú.

Ó ní, "Ìgbéyàwó ni? Aṣọ wo ni wọ́n dá?"

Mo wo ọkọ mi. Wọ́n ń sọ ẹja kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, omi la lọ wò."

Ó dúró títí, ó ń retí kí wọ́n sọ ìyókù.